Bí Mo Ṣe Kọ́ Àwọn Ọmọ Onitsha Ní Ìdọ̀bálẹ̀

Ariwo ni mo fi máa ń rántí ilé ìwé yẹn. Kì í ṣe ariwo ọjà, nítorí ẹni tí wọ́n bá bí sí Onitsha bí wọ́n ṣe bí mi kì í ka ariwo ọjà sí ariwo mọ́. Ariwo ìkíni ni mò ń sọ. Bí àlejò bá ti yọjú sí ẹnu ọ̀nà kíláàsì báyìí, ì báà ṣe ẹni tó wá tún fáànù ṣe, àwọn ọmọ á fò dìde lẹ́ẹ̀kan náà, àga á máa ha ilẹ̀, wọn á sì kígbe pé, "Good morning, sir! You are welcome, sir! God bless you, sir!" Wọ́n máa ń fa gbólóhùn kọ̀ọ̀kan gùn títí tí àlejò kò fi ní mọ̀ bóyá kó dúró ni àbí kó sá. Màdáàmù tó ni ilé ìwé náà gbà pé bí ìkíni bá ṣe lọ sókè tó ni ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ṣe dára tó. Ó yẹ kí n máa fi ọ̀wọ̀ pè é ní "wọ́n" nítorí ọjọ́ orí, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n gbádùn ìtàn mi. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀ nígbà yẹn, mo sì máa ń fọ́nnu pé kò sí kíláàsì tó lè pariwo tó tèmi ní gbogbo àdúgbò Inland Town.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nílé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ni, ẹnu mi mú bí abẹ, mo sì rò pé kò sí ohun tí n kò mọ̀. Aṣọ ni àwọn òbí mi wá tà ní Onitsha kí wọ́n tó bí mi, ibẹ̀ ni mo dàgbà sí. Bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, yóò di ọṣẹ: mo ń sọ Ìgbò débi pé àwọn oníbàárà màmá mi máa ń bi mí pé abúlé wo ni mo ti wá. Ṣùgbọ́n nínú ilé wa, ilẹ̀ Yorùbá la wà. Màmá mi kò fi ọ̀rọ̀ ìkíni ṣeré rárá. Ọmọ tó bá jí tí kò kúnlẹ̀, wọn á ní, "Ta lo sùn tì lánàá tó gbàgbé láti fi ẹ̀kọ́ sílé fún ẹ?" Nítorí náà, mo ní ìgbéraga kan nínú mi tí mo fi ń wo àwọn ọmọ tó ń kí àgbà lóòró gangan. Àwọn ọmọ kíláàsì mi kò pè mí ní orúkọ mìíràn ju "Àǹtí Yorùbá" lọ.

Ìbẹ̀rẹ̀ sáà kan ni wọ́n mú ọmọbìnrin kan wá. Ìyá rẹ̀ ń ta táìlì tí wọ́n fi ń tẹ́ ilẹ̀ ilé ní ọjà ohun ìkọ́lé ní Ogidi, obìnrin tó ga, tó sì lè fi ohùn lásán lé oníbàárà tó ń yọ ọ́ lẹ́nu dé títì. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tó wá bá mi, ohùn rẹ̀ wálẹ̀ pátápátá. Ó ní dókítà ti sọ fún òun pé ọ́tísìmù ni ọmọ òun ní. Wọ́n bí i mọ́ ọn ni. Kì í ṣe àìsàn tó ń ranni, kì í ṣe iṣẹ́ ayé, kì í sì í ṣe àìlẹ́kọ̀ọ́. Ohun tí etí àti ojú rẹ̀ ń gbé wá fún un ló yàtọ̀ sí tiwa, ọ̀rọ̀ sì máa ń gba ọ̀nà mìíràn jáde lẹ́nu rẹ̀. Ilé ìwé tó ti wà tẹ́lẹ̀ ti lé e. Ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Aunty, abeg, no pursue my pikin." Mo ní kó fọkàn balẹ̀, ọwọ́ mi lọmọ rẹ̀ wà. Mo sọ ọ́ bí ẹni pé mo mọ ohun tí mò ń sọ.

Ìkíni ni mo kọ́kọ́ fẹ́ kọ́ ọ, àbí kí lẹ rò? Láràárọ̀ màá dúró síwájú rẹ̀, màá ní kó wo ojú mi kó sì kí mi. Á wo àjà. Á wo bàtà mi. Lọ́jọ́ kan tí mo rọra di àgbọ̀n rẹ̀ mú kó lè wò mí, ó di ojú méjèèjì pa, ó sì ké sí mi lójú pé, "Enter with your change!" Ohun tí kọ̀ndọ́tọ̀ máa ń sọ lẹ́nu ọ̀nà bọ́ọ̀sì nìyẹn, kí èrò má baà kó owó ńlá wọlé wá béèrè ṣéńjì. Láti Obosi ló ń wọ bọ́ọ̀sì wá sílé ìwé lójoojúmọ́, gbogbo igbe àwọn kọ̀ndọ́tọ̀ ló sì ti há sórí. Mo rò pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Inú bí mi débi pé mo fẹ́ẹ̀ẹ́ ní kó lọ dúró síta.

Ó pẹ́ kí ó tó yé mi pé ọ̀rọ̀ ẹnu tirẹ̀ nìyẹn. "Enter with your change" ni pé kí ẹni tó ń yọ òun lẹ́nu fi òun sílẹ̀. Bó bá ti ń pe "Head Bridge! Head Bridge!", ó fẹ́ jáde síta gba atẹ́gùn nìyẹn, bí ìgbà tí bọ́ọ̀sì bá ń gbéra lọ sí ẹsẹ̀ afárá Odò Ọya. Àwọn ọmọ kíláàsì ti mọ èyí kí n tó mọ̀ ọ́n. Mọ́nítọ̀ kíláàsì wa, ọmọbìnrin alágídí kan tí ohùn rẹ̀ lè jí òkú, ló là mí lójú. Ó ní, "Aunty, she wan go outside na. You no hear Head Bridge?" Mo ní kó jókòó, kó má kọ́ mi níṣẹ́ mi. Lẹ́yìn náà ni mo wá ṣílẹ̀kùn fún ọmọ náà.

Láti ìgbà náà la ti bẹ̀rẹ̀ sí í mọwọ́ ara wa. Mo gbé àga rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn. Mo ya àwòrán ohun tí a máa ṣe lójúmọ́ sórí páálí, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: ìwé kíkà, ìṣirò, oúnjẹ, eré, ilé, nítorí bí nǹkan bá yí padà lójijì, ọjọ́ ti bàjẹ́ nìyẹn. N kò fi dandan mú un wò mí lójú mọ́. Bó bá ń wo fèrèsé, mo mọ̀ pé ó ń gbọ́ mi, nítorí bí mo bá ṣi ìtàn sọ báyìí, á tún un sọ fún fèrèsé náà bó ṣe yẹ kó rí. Ó máa ń gbóòórùn ìwé kó tó ṣí i. Ó fẹ́ràn ilẹ̀ kíláàsì wa nítorí ó tutù, bí oòrùn bá sì mú, á na gbalaja síbẹ̀, á gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé e. Mo ti ń fẹ́ràn rẹ̀, n kò jẹ́ parọ́. Ṣùgbọ́n ìkíni kò kúrò nílẹ̀. Ariwo yẹn máa ń dun etí rẹ̀ bí ata ṣe ń dun ojú.

Lọ́jọ́ kan, ọkùnrin kan tó ń ta ìwé yọ lẹ́nu ọ̀nà láìsọ tẹ́lẹ̀. Kí n tó lanu, gbogbo kíláàsì ti bú sí "Good morning, sir!" Ọmọbìnrin náà fi ọwọ́ méjèèjì bo etí, ó figbe ta, ó já wọ abẹ́ tábìlì, tábìlì sì dojú dé. Omi inú ìgò bo gbogbo ìwé ọkùnrin náà. Àwọn òbí méjì tó wà lọ́dọ̀ Màdáàmù sáré wá wò ó bí ẹni ń wo ìjà. Nígbà tí wọ́n lọ tán, Màdáàmù pè mí. Ó ní olóyè tó ni ilẹ̀ tí ilé ìwé náà wà ń bọ̀ wá wo àwọn ọmọ kí wọ́n tó pinnu bóyá àwọn máa fún wa ní ilẹ̀ kún un. Ó ní bí ọmọ yẹn bá tún figbe ta níwájú olóyè, kí ìyá rẹ̀ wá mú un lọ lọ́jọ́ náà gan-an. Mo ní kó jẹ́ kí n mú un lọ sẹ́yìn ilé títí olóyè fi máa lọ. Ó ní rárá, olóyè fẹ́ rí gbogbo ọmọ, òun kò sì ní ọmọ tí òun ń fi pamọ́. Mo jáde. Mo ti ṣèlérí fún ìyá ọmọ náà.

Ibi tí ọgbọ́n àgbọ́njù ti wọ orí mi nìyí. Mo ro ó lọ, mo ro ó bọ̀: ìkíni wo ló wà tí kì í pariwo? Háà! Ṣebí èmi lọmọ Yorùbá! Ìkíni tó dákẹ́ jù láyé, ilé wa ló wà. Kí ọkùnrin dọ̀bálẹ̀, kí obìnrin kúnlẹ̀, kí ẹnu dákẹ́, kí àgbà sì gbọ́ ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ. Orí mi wú. Mo ti ń rí i bí olóyè ṣe máa ní kí wọ́n pe tíṣà ọlọ́gbọ́n yìí wá kí àwọn rí i.

N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Nígbà ìsinmi ọ̀sán la máa ń ti ilẹ̀kùn, a ó sì máa dánra wò. Bí mo bá gbé ọwọ́ sókè, wọn á lọ sílẹ̀. Ẹ̀yin ará mi, mi ò rí ohun tí àwọn ọmọ fẹ́ràn tó bẹ́ẹ̀ rí! Ẹni tí wọ́n ti ń na fún pé ó ń fi aṣọ ilé ìwé gbálẹ̀, òun ni tíṣà wá ń bẹ̀ pé kó fi aṣọ gbálẹ̀. Àwọn ọmọkùnrin ń ṣubú bí igi tí ìjì dá. Àwọn ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí pé kí ló ń ṣẹlẹ̀ sí àyà ṣẹ́ẹ̀tì ọmọ àwọn, mo ní iṣẹ́ ọ̀gbìn ni. Ọmọbìnrin wa wá ṣe bẹbẹ jù wọ́n lọ. Mo sọ fún un pé obìnrin ń kúnlẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ó na gbalaja pẹ̀lú àwọn ọkùnrin, ó dọ̀bálẹ̀ dáadáa, ó sì dákẹ́ jẹ́ẹ́. Ẹ̀yin àgbààgbà ilẹ̀ Yorùbá, ẹ foríjì mí, n kò bá a jà.

Ọjọ́ pé. Mo rí ìyá rẹ̀ lójú fèrèsé láàárọ̀. Kò lọ sí Ogidi. Màdáàmù ti pè é pé kó wà nítòsí, bó bá di pé ó máa mú ọmọ rẹ̀ lọ. Ó dúró síbẹ̀, ó fi okùn báàgì ọmọ rẹ̀ wé ọwọ́, kò sì wọlé. Nígbà tí olóyè dé, wọ́n dé fìlà pupa, wọ́n mú abẹ̀bẹ̀ awọ dání, bàbá àgbà tó rọra ń rìn bí ẹni tó mọ̀ pé kò sí ohun tó lè bẹ̀rẹ̀ láìsí òun. Màdáàmù ṣílẹ̀kùn, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ń dúró de igbe. Mo gbé ọwọ́ sókè.

Gbì! Gbogbo kíláàsì lọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ẹnikẹ́ni kò fọhùn.

Màdáàmù ló figbe ta. "Jesus! Generator smoke don kill them!" Ó rò pé èéfín jẹnẹrétọ̀ ló ti pa àwọn ọmọ. Ó sáré wọlé, ó ń gbé ọmọ kan dìde, ẹni náà tún ń padà lọ sílẹ̀ nítorí n kò tíì sọ ọwọ́ mi kalẹ̀. Láti ilẹ̀ níbi tó na sí, ọmọbìnrin náà bo etí rẹ̀, ó sì sọ fún Màdáàmù kedere pé, "Enter with your change!"

Bàbá olóyè kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n wo ilẹ̀, wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Onye kuziri unu ihe a?" Wọ́n ń béèrè ẹni tó kọ́ àwọn ọmọ ní èyí. Kò pẹ́ rárá kí gbogbo ojú tó yí sọ́dọ̀ Àǹtí Yorùbá. Bàbá náà fi Ìgbò sọ ọ́ fún mi pé ní ìlú yìí, ẹni tí wọ́n ń wólẹ̀ fún ń bẹ láàfin. Ṣé mo fẹ́ kí wọ́n gbọ́ láàfin pé òun ń gba ohun tí kì í ṣe tòun ni? Ṣé mo fẹ́ kí wọ́n bọ́ fìlà lórí òun? Yéè! Èmi tí wọ́n bí sí Onitsha! Mo mọ̀ pé ọmọ Ìgbò kì í déédé wólẹ̀ fún ènìyàn bẹ́ẹ̀ yẹn, mo ti mọ̀ ọ́n láti kékeré, ṣùgbọ́n ọgbọ́n tí mo gbọ́n ti bo ìyẹn mọ́lẹ̀. Ẹ̀rù bà mí, mo fẹ́ tọrọ àforíjì. Báwo lọmọ Yorùbá ṣe ń tọrọ àforíjì? Orúnkún mi ti kanlẹ̀ kí n tó rántí. Mo wà lórí ìkúnlẹ̀, mò ń bẹ bàbá pé mi ò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kúnlẹ̀ fún wọn mọ́ láé.

"Stand up!" ni Màdáàmù ké mọ́ mi. Ó fi ìka han ọmọbìnrin tó wà nílẹ̀, ó ní gbogbo èyí, nítorí ti ìyẹn ni, òní sì ni òpin rẹ̀. Ó yíjú sí kíláàsì, ó ní kí wọ́n dìde, kí wọ́n kí bàbá bí ọmọ ènìyàn ṣe ń kí ènìyàn. Mo wo ojú fèrèsé. Ìyá ọmọ náà ti gbé báàgì náà kọ́ èjìká, ó ti ń bọ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Omi bọ́ lójú mi. Mo mọ̀ pé bí àwọn ọmọ bá ti kí bàbá báyìí, ọmọ yẹn á figbe ta, ó sì tán.

Àwọn ọmọ dìde pẹ̀lú erùpẹ̀ láyà. Ọmọbìnrin náà kò dìde. Ó di etí mú pinpin, ó ká jọ, ó ń dúró de ìyà tó ń bọ̀. Mọ́nítọ̀ wa wò ó. Lẹ́yìn náà ó gbé orí sókè, ó fa afẹ́fẹ́ sínú bó ṣe máa ń ṣe bó bá fẹ́ kígbe, ó ya ẹnu. Ohùn kan kò jáde. Ẹnu rẹ̀ ń ṣe "Good morning, sir" fẹ̀ẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀, àlàfo eyín rẹ̀ tó ti yọ hàn, ṣùgbọ́n kò sí ariwo níbẹ̀. Kíláàsì wo ọ̀dọ̀ rẹ̀, gbogbo wọn sì tẹ̀ lé e. Ẹnu gbogbo wọn ń lọ, ó ń bọ̀, iṣan ọrùn wọn le, ojú wọn pọ́n, bí ẹja tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó jáde nínú odò.

Bàbá olóyè fi abẹ̀bẹ̀ gbá etí ara wọn. Wọ́n gbá èkejì. Wọ́n bi Màdáàmù ní ohùn rara pé, "My ear don spoil?" Màdáàmù náà ti fi ìka ro etí tirẹ̀. "Louder!" ló ké sí àwọn ọmọ. Wọ́n tún la ẹnu sí i. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Mo búra fún yín, n kò kọ́ wọn ní èyí rí.

Ọmọbìnrin náà mú ọwọ́ kan kúrò létí. Ó dúró díẹ̀. Ó mú èkejì kúrò. Ó gbé orí sókè, ó wo ẹnu àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó wo bàbá tó ń gbá etí, ó sì bú sẹ́rìn-ín. N kò gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ rí. Ó rinlẹ̀, ó pọ̀, ó ń mú un yí lórí ilẹ̀. Bàbá olóyè gbọ́ ọ, wọ́n mọ̀ pé etí àwọn kò bàjẹ́, ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín tí fìlà pupa fi ń mì. Mo ríbi ṣàlàyé nígbà náà. Mo sọ ohun tí ariwo ń ṣe fún ọmọ náà, mo sì sọ pé mo ti ṣèlérí fún ìyá rẹ̀ tó dúró lẹ́nu ọ̀nà yẹn pé n kò ní lé e.

Bàbá náà gbọ́ mi tán. Wọ́n yíjú sí kíláàsì, wọ́n gbé àyà sókè, wọ́n sì la ẹnu wọn tí eyín rẹ̀ kò pé mọ́, wọ́n dá wọn lóhùn láìsí ohùn: ẹ káàárọ̀, ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ jókòó. Gbogbo wọn jókòó, àga kankan kò ha ilẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń jáde, wọ́n sọ fún Màdáàmù pé, "This one wey dey laugh, make I meet am here when I come back." Ìyá ọmọ náà sọ báàgì kalẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, ó jókòó lé e, ó sunkún bó ṣe wù ú. Mo jókòó tì í. Èmi náà sun ẹkún tèmi.

Màdáàmù kà á léèwọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni fi àyà kan ilẹ̀ nínú ilé ìwé òun. Ṣùgbọ́n ẹ má fi oníṣòwò ṣeré. Yíǹkì ìwé ilẹ̀ tí olóyè fún wa kò tíì gbẹ tí mo fi gbọ́ ọ tó ń sọ fún àwọn òbí pé ìkíni aláìlóhùn jẹ́ ọ̀nà ìgbàlódé tí òun mú wá láti òkè òkun. Mo gbójú kúrò. Ọ̀rọ̀ tó bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là á fi í rín.

Ọmọ náà parí ilé ìwé wa, ó ti wà ní girama báyìí, ó ti ga jù mí lọ. Iṣẹ́ tíṣà náà ni mo ṣì ń ṣe ní Onitsha, màmá mi sì ti dàgbà, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń gbé. Ní Sátidé, bí ìyá rẹ̀ bá ń lọ sí ṣọ́ọ̀bù, á já a sílẹ̀ nílé wa. Á wọlé, kò ní kí ẹnikẹ́ni, á jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga màmá mi, á máa fi ọwọ́ ra etí aṣọ tó wà lẹ́sẹ̀ wọn. Bí àkókò bá tó, á dìde, á lọ, kò ní sọ pé ó dàbọ̀. Màmá mi kò gbà á rárá níbẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní, "Ọmọ wo ni kò lè ṣí ẹnu kí àgbà? Ìwọ tí mo fi ìkúnlẹ̀ tọ́, irú ọmọ tí o wá tọ́ nìyí?" Mo ṣàlàyé títí, ó sú mi.

Ní Sátidé tó kọjá, òjò dá a dúró ní Obosi, kò lè wá. Ọwọ́ ọ̀sán, màmá mi tún àga wọn sún mọ́ ẹnu ọ̀nà. Wọ́n wo ìta. Wọ́n tún wò ó. Mo bi wọ́n bóyá kí n gbé oúnjẹ wá, wọ́n ní ebi kò pa àwọn. Nígbà tó pẹ́, wọ́n ní kí n fóònù ìyá rẹ̀, kí n béèrè bóyá ara ọmọ náà yá, nítorí òun nìkan lọmọ tó máa ń wá kí àwọn, kò sì wá lónìí.